Kọ̀ǹpútà Bàbá Tí Wọ́n Pín sí Ìdí-Igi Mẹ́ta

Bàbá mi, olówó orí Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín, torí mo gbà pé ibi tí ẹ wà tura ju ibi tí ẹ fi wá sí lọ. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé kálàmù. Kì í tilẹ̀ ṣe ìbínú nìkan, ìríra ni. Àwọn ẹbí yín ń rí mi lára. Bí mo bá ti rí wọn báyìí, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó bá ìdin níbẹ̀ ló ń ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi náà ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi wí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ yín, Bàbá Kékeré, àbúrò yín tó ń gbé Ẹgbẹ́dá, ní ó tó àkókò láti pín ogún. Wọ́n wá sí ilé wa níbí ní Ìyànà Ọ̀fà, orí àga yín gan-an ni wọ́n sì jókòó sí. Wọ́n ní ìdí-igi ni àwọn yóò fi pín in: ìdí Ìyá Àgbà, ìdí Ìyá Sèmíù, àti ìdí Màmá mi. Ìyàwó mẹ́ta, ìpín mẹ́ta. Mi ò rí wí sí ìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pín in nílẹ̀ wa nìyẹn. Wọ́n pín agbádá yín, wọ́n pín bẹ́ẹ̀dì, wọ́n pín àwo tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹun. Wọ́n wá kan kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ gbé fún yín lọ́jọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ẹ fi ń tẹ iye ìkórè àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ inú oko ìwádìí wọn sínú rẹ̀. Bàbá Kékeré wò ó sókè, wọ́n wò ó sílẹ̀, ojú wọn sì là.

"Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti bá wa pín eléyìí," ni wọ́n wí. "Àbí ẹ ò rí i ni? Mẹ́ta náà ni. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nìyí, àpótí rẹ̀ nìyí, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ nìyí."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo dìde, mo ní nǹkan kan ṣoṣo ni, pé tí wọ́n bá yà á kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá Múfú, ọmọ Ìyá Àgbà, àkọ́bí yín, wò mí bí ẹni tó yàgbẹ́ sáàárín agbo. Wọ́n ní láti ìgbà wo ni àbígbẹ̀yìn, tó tún jẹ́ obìnrin, ti ń kọ́ àgbà ní ogún pínpín? Mo jókòó. Bàbá, ká ní ewúrẹ́ kan lẹ fi sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ì bá fún ìdí kan ní orí, kí wọ́n fún ìkejì ní ikùn, kí wọ́n tún wá máa retí ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀?

Bí tẹlifíṣọ̀n ṣe di ti Bọ̀dá Múfú nìyẹn o. Bọ̀dá Sèmíù gbé àpótí. Kíbọ́ọ̀dù kan àwa. Màmá mi fi ọ̀kan nínú gèlè tí wọ́n ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wé e, wọ́n sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Bóyá ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀, ká ní Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, ọ̀rẹ́ yín tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbi iṣẹ́ yín, kò wá kí wa. Páálí kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ ti rán ẹnì kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun kó bá yín rà á. Mo ṣí i. Káàdì ni, Bàbá, káàdì tó ń bá kọ̀ǹpútà ya àwòrán kíákíá. Ẹ ti ń retí rẹ̀, ẹ ò sì sọ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Géèmù ọkọ̀ òfuurufú wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ bàálù rí títí ẹ fi lọ, ẹ ò jẹ́ kí Sátidé kan kọjá kí a má gbéra sókè. Ẹ ó ṣe bísímílà, ẹ ó nu gíláàsì ojú yín, ẹ ó sì ní kí n jókòó dáadáa torí pé awakọ̀ kì í ká jọ lórí àga. Lókè, kò sí wàhálà. Ojú sánmà lásán ni, kò sí ohun púpọ̀ tí ẹ̀rọ fẹ́ yà. Àmọ́ bí a bá ti ń sọ̀kalẹ̀, tí ilé àti títì àti iná pápákọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọwọ́ ẹ̀rọ á dí. Àwòrán á dúró, á fò, á tún dúró. Kí èyí tó kàn tó yọ, a ó ti gbọ́ gbòàà! Bàálù ti forí sọlẹ̀.

Ẹ ṣàlàyé fún mi pé mẹ́mọ̀rì dà bí tábìlì iṣẹ́. Tí tábìlì bá kéré, aránṣọ á máa dìde lọ mú aṣọ nínú yàrá ní gbogbo ìgbà, iṣẹ́ ò sì ní yá. Ẹ ra mẹ́mọ̀rì kún un. Ó sàn díẹ̀. Ẹ dín àwòrán kù títí gbogbo ilé fi dà bíi páálí ṣúgà. Gbòàà náà ni. Nígbà mìíràn tí àwòrán bá dúró, ẹ ó máa sọ ìtàn ìgbà èwe yín lábúlé fún mi, bí ẹ ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé nínú ìrì. A kò balẹ̀ láyọ̀ rí, kódà ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ní a ó balẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ sì kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Ohun tí mo wá ń wá kò ju ìyẹn lọ: kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n ki káàdì yẹn bọ inú àpótí, kí n bá yín gbé bàálù yẹn balẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múfú ni mo kọ́kọ́ lọ ní Ọlọ́runṣògo. Ẹ wá wo tẹlifíṣọ̀n yín, Bàbá. Àárín pálọ̀ ló wà, wọ́n ta léèsì lé e, wọ́n to òdòdó oníke sórí rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún àlejò pé láti Jámánì ló ti wá, pé eriali rẹ̀ ló kù tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ tí kò lè mú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan láéláé! Ojú ara wọn nìkan ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àlejò méjì títí wọ́n fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn tán. Wọ́n wá gbà pé àwọn yóò gbé e wá, àmọ́ àwọn yóò gbé e padà lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi ìka kàn án. Mo dúpẹ́.

Ti Bọ̀dá Sèmíù ló burú jù. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń sin adìyẹ. Mo dé ibẹ̀, mo ní àpótí dà, wọ́n fi ẹnu júwe ilé adìyẹ. Òun ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó wúwo dáadáa, afẹ́fẹ́ ò lè ṣí i. Ìgbẹ́ adìyẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára, funfun lórí, àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e délé, mo ṣí i lẹ́yìnkùlé, aáyán sì tú jáde bí ẹni tú àpò ẹ̀wà. Ọmọnílé kan ti kú sẹ́nu fáànù, ó ti gbẹ. Òórùn yẹn, Bàbá! Mo bì. Màmá mi bu omi fún mi, àwọn náà sì fi ìborùn bo imú.

Ìgbà tí mo wá wo ibi tí mẹ́mọ̀rì ń gbé, ó ṣófo. Mo padà lọ bi Bọ̀dá Sèmíù. Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé góòlù wà nínú kọ̀ǹpútà, ni àwọn bá yọ ọ́ lọ fún alágbẹ̀dẹ góòlù, ó sì fi ayùn ha àwọn eyín góòlù tó wà létí mẹ́mọ̀rì náà. Èyí tó rí níbẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń fi sí etí èèrà. Tábìlì iṣẹ́ yín ni wọ́n lọ ha, Bàbá, nítorí eruku. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí wọn lóòótọ́?

Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè bá mi wá mẹ́mọ̀rì mìíràn lára ẹ̀rọ tó ti kú níbi iṣẹ́ wọn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti sípíríìtì fọ inú àpótí ní igun kọ̀ọ̀kan. Fáànù kọ̀, kò yí. Màmá mi wò ó, wọ́n lọ mú òróró máṣíìnì ìránṣọ wọn wá, wọ́n kán an sí i nídìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́. Mo ki káàdì yín bọ̀ ọ́.

Gbogbo wọn pé lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá. Iná wà. Bàbá Kékeré tún wà lórí àga yín, wọ́n ń jẹ obì. Bọ̀dá Múfú gbé tẹlifíṣọ̀n wọn wá pẹ̀lú òdòdó lórí rẹ̀. Mo so wáyà pọ̀, mo ṣe bísímílà bí ẹ ṣe ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń bá Màmá mi lọ. Ó tàn. Ẹ̀yin ni mo ń wá kí n pè pé ẹ wá wò ó.

Mo gbéra. Mo yí padà sí pápákọ̀. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, fèrèsé wà lára wọn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fèrèsé wà lára wọn! Títì yọ, iná yọ, kò sí èyí tó dúró, kò sí èyí tó fò. Ó ń ṣàn bí omi. Àbí ẹ rí i? Ṣé ó ṣeé rí láti ibi tí ẹ wà?

Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Sèmíù ti lanu.

"Àpótí mi ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí o. Èmi ló yẹ kí n máa wà á."

"Ta ló ń wo àpótí?" ni Bọ̀dá Múfú dáhùn. "Tẹlifíṣọ̀n mi lo jókòó tì láti ẹ̀ẹ̀kan. Ìwọ wo àpótí rẹ, jẹ́ ká rí ohun tí wàá rí níbẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Ẹ fi òdòdó bo ẹ̀rọ bí òkú, ẹ wá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀!"

"Èmi lò ń bá wí? Olè góòlù!"

Wọ́n dìde síra wọn. Itọ́ ẹnu wọn ń ta sára gíláàsì, ó ń ṣàn lórí pápákọ̀ tí mo ń lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Bàbá Kékeré tu èérún obì sílẹ̀ yín, wọ́n sì dájọ́.

"Ogún tí a bá ti pín kì í dàpọ̀ mọ́. Kí kálukú mú tirẹ̀."

Bọ̀dá Múfú fa wáyà yọ. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n mọ́ àyà, wọ́n jáde. Bọ̀dá Sèmíù sá tẹ̀ lé wọn láti lọ parí ìjà, Bàbá Kékeré sì bá wọn lọ síta láti lọ là á. Mo ń gbọ́ èébú wọn láti ojú títì. Mo kórìíra wọn, Bàbá. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mi ò sì ní pa á dà.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé àpótí ṣì ń dún. Wọn ò tíì pa á. Bàálù ṣì wà lókè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn nínú àpótí, kíbọ́ọ̀dù sì wà lórí itan mi. Kò sí àwòrán mọ́, ògiri funfun ló wà níwájú mi. Mo dín agbára ẹ́ńjìnnì kù bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀. Màmá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ń retí gbòàà.

Táyà bàálù ni mo gbọ́. Ó han lórí ilẹ̀ pápákọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún han, ó wá ń yí lọ, ó ń yí lọ, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó sì dákẹ́.

Bọ̀dá Sèmíù wọlé wá fa àpótí wọn yọ, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń sọ fún, Bàbá mi: a ti balẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń mú jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún.