O Ṣì Dúró ní Ìsàlẹ̀ Gángan

Ìyanuolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú wàhálà Èkó, mo sì kí ọ kú iṣẹ́, bí iṣẹ́ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí á ṣọ́ ìwọ náà. Màmá rẹ ń kí ọ. Àlàáfíà la wà, àfi inú mi tí kò dùn, ìwọ lo sì fà á.

Wọ́n ti kọ́ ilé kọ̀ǹpútà fún abúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn ni wọ́n fi ń tan iná ibẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀. Nusrat ni tíṣà wa, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó máa ń tètè pariwo. Lọ́jọ́ Ajé ó ní kí kálukú dárúkọ ibi tó wù ú láti rí, mo dárúkọ àdúgbò rẹ ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ó sì gbé òpópónà yín jáde lójú kọ̀ǹpútà wẹ́rẹ́. Ta ni mo rí tó fẹ̀yìn ti ògiri lọ́sàn-án gangan? Ìwọ ni! Ojú rẹ rí bàìbàì, mo rò pé gíláàsì ló dọ̀tí, mo tutọ́ sí etí ẹ̀wù mi kí n fi nù ún, Nusrat fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí mo rán fún ọ nígbà tí ò ń lọ sí Èkó lo wọ̀, kò sí bí mi ò ṣe ní dá iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ̀.

Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. O ní ọ́fíìsì lo wà ní Ìkòyí, pé ọ̀gá rẹ wà níwájú rẹ. Ìyanuolúwa! Mo ń wò ọ́! O ò tilẹ̀ gbé fóònù sétí, ewúrẹ́ ló sì wà níwájú rẹ! Ìdí nìyẹn tí mo fi pa fóònù mọ́ ọ létí, tí mi ò sì gbé e mọ́ látìgbà náà.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, o ṣì dúró. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ibẹ̀ náà ni mo bá ọ, o ò jókòó, o ò pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀rọ̀ rẹ sú mi. Ṣé ẹ̀wù kan ṣoṣo ni mo rán fún ọ ni? Kí ni àwọn ará Èkó á máa rò nípa télọ̀ tó bí ọ? Ewúrẹ́ pàápàá ò kúrò! Àwa tí a ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí iṣẹ́ Ìkòyí yìí, tí màmá rẹ jó títí gèlè fi tú.

Nusrat ní kí n fara balẹ̀, pé àwòrán àtijọ́ ni, pé mọ́tò kan ló ń ya àwòrán àdúgbò kiri, àti pé ọdún tí wọ́n yà á wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Mo wò ó. Ọdún tí a ṣe ìdúpẹ́ yẹn gan-an ni. Látìgbà tí mo ti délé, mi ò lè rán aṣọ kankan. Ì báà jẹ́ tòní, ì báà jẹ́ tìgbà yẹn, ọmọ mi ló dúró síbẹ̀ láìríṣẹ́, a sì ń jó níbí.

Mo fẹ́ gba owó páànù lọ́wọ́ rẹ, òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ń jò. Bí iṣẹ́ bá wà, fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí, má yáwó láti fi tàn mí, ara rẹ ni kí o gbé wá. Ilé làbọ̀ sinmi oko, a ò sì sọ pé kí ẹni tí kò ríṣẹ́ má wọlé.

Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn fún ọ, á sì jẹ́ kí ohun tó bá nira fún ọ jẹ́ ohun tí o lè sọ fún bàbá rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéyẹmí Télọ̀