Fáànù Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Màmá

Abúlé Quilhue,
Erékùṣù Chiloé,
Chile.
Ogúnjọ́, oṣù Keje, 2011.

Bọ̀dá mi Nolberto,

Ẹ kú òtútù Punta Arenas o, ẹ kú atẹ́gùn ibẹ̀ tó máa ń ṣí fìlà lórí èèyàn. Ṣé ara yín le? Ìyàwó wa Eduvigis ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Àwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ò tíì dá láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìyẹn ò sì kúkú kan ẹnikẹ́ni. Màmá ń jẹun, wọ́n ń ran òwú irun àgùntàn wọn, wọ́n sì ń bú mi láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé ara wọn ti yá.

Nígbà tí ẹ bèèrè lórí fóònù nípa fáànù tí ẹ fi ránṣẹ́, Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Fáànù ò bàjẹ́ o. Ó wà nínú àká pòtétò, mo fi àpò wé e, mo sì gbé òkúta lé e. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ṣeé sọ níbi tí Màmá ti lè gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀: ṣé ká dá a padà sẹ́yìn ààrò ni, àbí ká gbàgbé rẹ̀?

Nígbà tí Rosamel aládùúgbò wa dè é mọ́ ẹ̀yìn ààrò irin nínú oṣù Karùn-ún, inú wa dùn kọjá sísọ. Ooru gba àárín ilé lọ sí yàrá ẹ̀yìn, yàrá yẹn tí aṣọ ibùsùn wa kì í gbẹ nígbà tí a wà ní kékeré. Màmá bọ́ súwẹ́tà méjì nínú mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó bá wá mu tíì máté ni wọ́n ń sọ fún pé ọmọ àwọn fi ẹ̀ẹ̀rùn ránṣẹ́ sí àwọn nínú páálí. Ẹ sì mọ̀ wọ́n, ohun tó bá ti dùn mọ́ wọn, àṣejù ló ń bá a rìn. Ẹ ti sọ pé fáànù á dín igi kù, ni Màmá bá kọ̀, wọn ò ra igi gbígbẹ mọ́, igi tútù tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń kó sínú ààrò. Wọ́n dí ihò tí ààrò fi ń mí pa, kí igi má baà tètè jó tán. Wọ́n fi àkísà há gbogbo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ooru Nolberto jáde lọ bá àwọn àgùntàn.

Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwa méjèèjì. A ní òtútù ni. Kò pẹ́ sí i ni mo rí i pé tí Màmá bá mu máté tiwọn tán, wọ́n á tún bu omi gbígbóná sí i, wọ́n á nà án sí àpótí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ibi tí Bàbá máa ń jókòó. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á gbà á padà. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń fún ní máté.

Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ni. Inú fáànù ni wọ́n ti ń pè mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹni tí òkun ti gbé lọ láti ọdún mẹ́ta, inú fáànù ló wá ń gbé?"

"Ẹnu ẹ yẹn. Pa á dé, kó o jókòó, kó o gbọ́."

Mo jókòó. Fáànù ń kùn bí oyin. Mo ti fẹ́ dìde ni mo gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn Bàbá ni. Ó pe Màmá ní Ube, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fi pè wọ́n mọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ Bàbá nìkan ti padà sí èbúté láìsí wọn nínú rẹ̀. Ó ní, "Ube, òtútù ń mú mi." Mo sọ fún Màmá pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì ti igi kan sí i bọ inú ààrò.

Ọjọ́ Àìkú kan lọ́wọ́ ìparí oṣù Kẹfà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò ń rọ̀ gan-an. Màmá ń ran òwú, èmi ń bó pòtétò tí a fẹ́ fi ṣe àkàrà milcao. Oorun kan ṣáá ń gbé mi. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹsẹ̀ mi wúwo bíi pé wọ́n rọ omi sínú bàtà mi. Mo wo Màmá, òwú ti já lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àpótí igi. Ìgbà náà ni ohùn yẹn tún dé, àmọ́ kò ti inú fáànù wá mọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti wá. Ó ní, "Ube, ṣílẹ̀kùn."

Mo fẹ́ sọ fún Màmá pé kí wọ́n má ṣí i. Ahọ́n mi ò gbé e. Màmá di tábìlì mú, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń dáhùn pé, "Mò ń bọ̀, Baldomero, mò ń bọ̀, má bínú." Wọ́n fa ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣubú síbẹ̀, orí wọn nínú òjò, ẹsẹ̀ wọn nínú ilé. Atẹ́gùn òkun wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Mo rákò tẹ̀ lé wọn, mo bì títí tí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́.

Rosamel ló rí ilẹ̀kùn wa tó ṣí sílẹ̀ nínú òjò, ló bá sáré wá. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa ní èéfín ló fẹ́ pa wá, irú èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Wọ́n máa ń ní èéfín ò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Eléyìí bo ara rẹ̀. Nígbà tí Rosamel tú páìpù ààrò, ìdọ̀tí dúdú bí ọ̀dà ti dí i, díẹ̀ ló kù kó pa dé. Ó ní fáànù ń gba ooru lára irin, igi tútù ò sì lè jó dáadáa nínú ààrò tí kò rí èémí, ni páìpù bá tutù, èéfín ò rí agbára gòkè, ó padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi o, ìfẹ́ lẹ fi rà á. Ikú tí ìbá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́.

Ní báyìí, páìpù mọ́, mo ti yọ àkísà kúrò lára fèrèsé, igi gbígbẹ là ń jó. Orí ò fọ́ wa mọ́. Bàbá náà ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ rò pé inú Màmá dùn? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé, "Mirtala, lọ gbé fáànù yẹn wá, kó o ṣe ilé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Mo ní, "Màmá, ẹ máa kú."

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀?"

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ sunkún lọ́dọ̀ àwọn àgùntàn kí wọ́n má baà rí mi.

Rosamel ní ká dá a padà, pé tí igi bá gbẹ, tí páìpù mọ́, tí ihò ààrò sì ṣí sílẹ̀, fáànù ò léwu rárá. Bóyá òótọ́ ni. Yàrá ẹ̀yìn ti tún tutù, Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Tí a bá tàn án, tí Bàbá ò sọ̀rọ̀, Màmá á fi ọwọ́ ara wọn há àkísà padà sí fèrèsé nígbà tí mi ò bá sí nílé. Tí Bàbá bá wá sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́ ńkọ́? Kí ni màá ṣe? Ẹ wálé, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àkọ́bí wọn, ẹ jókòó tì wọ́n. Ojú yín nìkan ni mo ti lè tàn án.

Nọ́ọ̀sì ní èéfín ló ń sọ̀rọ̀ nínú orí wa. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ò yé mi, mi ò sì lè bi í: tó bá jẹ́ pé èéfín tó fẹ́ pa wá ló ń sọ̀rọ̀, kí ló dé tó fi ní ká ṣílẹ̀kùn?

Ẹ bá mi kí Eduvigis, ẹ bá mi gbá ọmọ mọ́ra. Màmá ń kí yín, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àgùntàn ni mò ń kọ. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé yín máa ṣí díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín láti ìta pé kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ ṣí i ná, kẹ́ ẹ tó bèèrè ta ni.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́,
Mirtala