Ẹ̀wà Lára Ògiri

Ọjọ́bọ, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà

Fóònù ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fọlákẹ́ ọmọ-ọmọ mi tò ó kí ó máa kọ ohun tí mo bá wí. Bóyá òótọ́ ló ń kọ, n ò mọ̀. N ò mọ̀wé.

Mo dé pálọ̀ láàárọ̀, ẹnu mi là, kò padé mọ́. Ọmọ yìí ti fi bébà bo ògiri mi! Bébà kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, oríṣiríṣi àwọ̀. Mo ní kí ni. Ó ní iṣẹ́ ni. Orílẹ̀-èdè bí ọgbọ̀n ní Yúróòpù ń pàdé lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fẹ́ fẹnu kò lórí ohun ọ̀gbìn tí wọn yóò jọ máa ṣèwádìí rẹ̀ títí di ọdún 2040. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ kan á lẹ bébà tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Pupa ni tiwa, àwa ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì — àwa tí a ti kó ẹrù wa kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù wọn, a tún lọ jókòó síbẹ̀.

Mo ní, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá lẹ bébà sí ńkọ́?

"Ó kú nìyẹn, Màmá. Wọn ò ní ṣe é."

Ọdún méjì ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọn ò tíì gbin ohunkóhun. Ní Èkìtì, tí o bá fi ọdún méjì sọ̀rọ̀ oko, igbó á ti gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù — ẹ̀wà. Ẹ̀wà tiwa, olójú dúdú! Ó ní ooru ti ń mú Yúróòpù, ọ̀dá ń pa ohun ọ̀gbìn wọn, wọ́n wá ń wá èyí tó lè fara da oòrùn. Bébà kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ẹ̀wà. Pupa. Ti Fọlákẹ́.

Ọ̀gá kan ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà, ará Potogí. Onírùngbọ̀n ni mò ń pè é. Ó ní bí bébà ẹ̀wà bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí wọn yóò parí ètò, ọjọ́ kẹrìndínlógún, Fọlákẹ́ ni yóò wá darí iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn ní Potogí. Ọdún mẹ́ta.

Mo jẹun mi tán.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

A bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ọ̀la ní kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti Ìbíyẹmí, aríran wa. Nínú ọkàn mi, Amóhùnmáwòrán ni mò ń pè é. Gbogbo nǹkan ló ń rí, pàápàá ti ilé onílé.

Mo sọ fún un. Orúnkún mi. Ojú mi tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ìwẹ̀ tí n ò lè dá wẹ̀ mọ́. Mo ní bí Fọlákẹ́ bá lọ, ilé àwọn arúgbó ni wọn óò gbé mi lọ, ibẹ̀ ni màá kú sí, láàárín àwọn tí ò lè pe orúkọ mi. Ó ní Ọlọ́run ò ní gbà. A bó ẹ̀wà tán.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Amóhùnmáwòrán ṣubú lulẹ̀ láàárín orin. Ó dìde, ó ń gbọ̀n.

"Mo rí ọmọbìnrin kan! Ó ru àpò irúgbìn, ó fẹ́ kọjá omi! Olúwa ní kí ó dúró! Ìyá àgbà kan ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀!"

Gbogbo ìjọ ké àmín. Orí mi wú. Inú mi dùn díẹ̀, n ò ní parọ́.

A jókòó láti jẹun. Mo ṣí mọ́ínmọ́ín, ni mo bá rántí. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn! Ó kàn wọ aṣọ funfun fún un ni. N ò tilẹ̀ sunkún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Fọlákẹ́, tí òun náà gbọ́ ìran lánàá, kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi jókòó, mo ń bẹ iṣu.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Bébà pupa ò sí lábẹ́ ẹ̀wà mọ́.

Inú garawa ìdọ̀tí ni mo ti rí i, láàárín èèpo iṣu. Ó ní òun ti sọ fún Onírùngbọ̀n pé òun ò ṣe mọ́. Ẹ̀wà á kú nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ó ń fọ abọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ tó gba oyè dókítà lórí ewéko! Tìtorí ìran Amóhùnmáwòrán!

Ọjọ́bọ, ọjọ́ kejìlá

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Ìbíyẹmí ní Dagenham East. Èmi àti ọ̀pá mi.

Mo ní, ṣé nídìí abọ́ ẹ̀wà ni Ẹ̀mí ti bá ọ sọ̀rọ̀?

Ó ní, "Màmá Dávídì, ẹ̀yin náà lẹ kúkú sọ ọ́. Ẹ̀mí kàn rán mi létí ni."

Ojú ò tì í! Ó tún gbé mílíìkì àti tíì wá. Mo mu ún. Ọ̀nà jìn.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún Fọlákẹ́ pé ìran yẹn, ẹnu mi ló ti jáde.

"Mo mọ̀, Màmá. Mo gbé kúlà oúnjẹ wá sí kíṣìnì lọ́jọ́ tí ẹ ń bó ẹ̀wà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe ìran ló dá mi dúró. Ẹ̀yin ni."

Mo jókòó.

Ó ní, "Ta ló máa wẹ̀ yín? Ta ló máa mú yín lọ gún ojú?"

Mo ní, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ewé yín ni? Kó bébà wá.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé n ò rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ó dáa: bí gbogbo iṣẹ́ ara mi bá ní bébà lábẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, òun á lọ. Bí ọ̀kan péré bá ṣófo, òun ò lọ. Mo ní mo gbà.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Fọlákẹ́ ya àwòrán sára ògiri nítorí pé n ò mọ̀wé. Ojú. Ìkòkò. Garawa omi. Òṣùpá, ìyẹn alẹ́, nítorí mo máa ń ṣubú tí mo bá dìde lọ tọ̀.

Dávídì ọmọ mi, bàbá Fọlákẹ́, wá láti àdúgbò Whalebone. Lùkmọ́nù tó ń wa bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wa. Ìbíyẹmí wá, ẹnikẹ́ni ò pè é.

Lùkmọ́nù lẹ bébà sábẹ́ ojú. "Màmá, mò ń fi bọ́ọ̀sì gbé ẹni tí n ò mọ̀ rí lójoojúmọ́. Ṣé ẹ̀yin ni n ò wá ní gbé?"

Dávídì mú ìkòkò. Mo ní, ìwọ tí omi lásán ń jóná mọ́ lọ́wọ́? Ó ní òun á kọ́ ọ.

Ìbíyẹmí mú garawa. Ó ní, "Mo ti rí i lójú ìran." Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Èyí, mo gbà á gbọ́.

Ó wá ku òṣùpá.

Iṣẹ́ òru ni Dávídì ń ṣe. Lùkmọ́nù ní ọmọ kéékèèké. Ọkọ Ìbíyẹmí ń ṣàìsàn. Fọlákẹ́ káwọ́ mọ́ àyà. "Ó ṣófo, Màmá. A ti jọ sọ ọ́."

Mo dìde. Mo mú bébà pupa kan, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ òṣùpá.

"Màmá! Ẹni tí a fẹ́ tọ́jú kì í lẹ bébà!"

Mo ní, ẹ̀wà ni kì í lẹ bébà. Èmi kì í ṣe ẹ̀wà.

Gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni rí iwin. Fọlákẹ́ bú sẹ́kún. Mo ní kí ó lọ bu oúnjẹ fún àwọn èèyàn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ti sọ fún wọn. Onírùngbọ̀n pàtẹ́wọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Bébà ẹ̀wà ti padà sáyè rẹ̀.

Mo ní kí Fọlákẹ́ lọ sùn lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lónìí, kí n fi kọ́ bí màá ṣe máa dá wà lóru. Kò fẹ́. Mo tì í jáde.

Ilẹ̀ ń ṣú. Ọ̀pá mi rèé, fóònù rèé. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò rò pé ó lè bà mí tó báyìí.

Bébà mi ló wà lábẹ́ òṣùpá.