Awò Tó Ń Yí Ayé Po

Hillbrow, Johannesburg
Oṣù Kẹjọ, 2016

Àǹtí Fúnmiláyọ̀ mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi dá ṣáṣá. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, mo sì ti lé òṣìṣẹ́ kan tó ń pẹ́ dé dànù.

Ẹ bi mí ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n sin Ayọ̀kúnmi. Èmi ni mo ṣètò pósí, ọkọ̀ àti oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, Bàbá Adésànmí, àgbà wa níbí, ní, "Ìyá kì í dé ibojì ọmọ. Jókòó."

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Awò awọ̀nàjínjìn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì hàn lójú rẹ̀, èyí tó ń yí ayé po lókè. Á tẹjú mọ́ ìràwọ̀ kan. Tí ayé bá dí i lójú, á dúró títí yóò fi kọjá, á tún wá ìràwọ̀ náà. Mo ti pariwo rí pé àwọn tó ń darí rẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Ayọ̀kúnmi rẹ́rìn-ín: "Eish, Mummy! Ó wà nínú ètò wọn."

Lọ́jọ́ yẹn, mo bá a dúró. Nígbà tí ayé kọjá, ó bá ìràwọ̀ rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Àǹtí, ẹ mọ̀ pé n kì í fẹ́ kí nǹkan falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì túfọ̀ fún Màmá. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní Ayọ̀kúnmi náà kí wọn.

Àbúrò yín,
Àdúràgbèmí