Ojú Méjèèjì Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ìròyìn tó wà lẹ́nu mi yìí, tí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni kí n sọ ọ́ fún? Dádì, mo ti rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Mo fi ojú ara mi rí i, mo fọwọ́ kàn án, mo tún jókòó sínú rẹ̀. Oldham, ní Ìlú Ọba níbí ni, ní Sátidé tó kọjá, ní pápá kan tí wọ́n kó àwọn mọ́tò àtijọ́ jọ sí. Tram, rélùwéè tó ń gba ojú títì, ló gbé mi lọ. Ẹ ò bá tram yẹn láyé. Ó ti ń wọ àárín ìlú Oldham báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún gbọọrọ tún bọ́ọ̀sì ṣe ní gáréèjì Ardwick, mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣàìrí nǹkan wí sí i.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ ìtàn náà? Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday, nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Salford, ẹ ó bu ṣúgà mẹ́ta sí tíì, ẹ ó fi ṣíbí kan etí ife lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò dé nìyẹn. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin dírẹ́bà ní Èkó, tí ẹ ń wa mọ́tò fún olówó kan tó ń ta kòkó. Mọ́tò Amẹ́ríkà méjì ni ọ̀gá yín ní, wọ́n ti ṣe méjèèjì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó ga, tó sanra, tí èèyàn lè dé fìlà wọ̀ láìtẹríba, ẹ pè é ní Ìyálóde. Èyí tó rẹlẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní pátákó ìtẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ẹ kì í tìtorí ọ̀kan bú èkejì. Ẹ ní sílíńdà mẹ́jọ ni Ìyálóde tò sórí ìlà kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè gbé ife omi lé e lórí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, omi ò ní dà. Kò sí òkè lójú ọ̀nà Ìbàdàn tí kò lè fi jíà tó ga jù gùn. Àmọ́ bíréèkì rẹ̀, Olúwa ló mọ̀ ọ́n! Ẹ ní ẹ gbọ́dọ̀ ti máa ronú àtidúró láti ìdajì máìlì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tirẹ̀, táyà iwájú ló ń fà á. Kò sí irin gígùn tó gba abẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ilẹ̀ inú rẹ̀ wá wálẹ̀, ó sì ń yí kọ́nà láì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jíà rẹ̀ kékeré báyìí ni, lẹ́bàá sitiárìn. Ẹ ó yan èyí tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, kò ní wọlé àfi tí ẹ bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, tínú bá sì ń bí i, kò ní wọlé rárá. Oòrùn ọ̀sán ò bá a lára mu, omi rẹ̀ a máa hó. Ìdájọ́ yín ò yí padà rí: ẹni tó bá fẹ́ dé ibi tó ń lọ, kó mú Ìyálóde, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wo òun, kó mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ojú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní inú mọ́dígáàdì ni iná iwájú méjèèjì pa mọ́ sí, bí ẹni tó dijú. Tílẹ̀ bá ń ṣú, ẹ ó yí ọwọ́ irin kékeré kan tó wà lápá òsì, iná òsì a là. Ti ọ̀tún ní ọwọ́ irin tirẹ̀ lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún, ọwọ́ dírẹ́bà ò tó o. Òsì ni sitiárìn mọ́tò Amẹ́ríkà wà, ọ̀tún ni ọ̀gá yín jókòó sí, òun ló ń yí tọ̀tún. Apá òsì ọ̀nà lẹ sì ń gbà ní Èkó nígbà yẹn, ọ̀gá náà ló tún ń yọjú wo iwájú fún yín tí ẹ bá fẹ́ ya lọ́rì sílẹ̀.

Dádì Akin, ọ̀rẹ́ yín, kì í jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀. Á pàtẹ́wọ́: “Ẹ gbà mí o! Olówó kòkó tó di mọ́tò-bọ́ì fún dírẹ́bà ara ẹ̀!” Gbogbo gbọ̀ngàn a rọ́ fún ẹ̀rín. Òun ló sọ yín ní Bàbá Alálọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni mo fòpin sí ìtàn náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ mi láti school wá síbi ìkórè wa, ojú sì ń tì mí. Mo sọ fún yín lójú gbogbo èèyàn pé irọ́ yín ti tó. Ẹ gbé ife kalẹ̀, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò dáhùn. Láti ọjọ́ náà títí tí ẹ fi lọ, ẹ ò dárúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. Kí ló dé tí ẹ ò nà mí? Ọmọ tó pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́, ẹ wá ń bi í bóyá ó ti jẹun!

Èmi náà ń wa bọ́ọ̀sì báyìí, Dádì. Sátidé yẹn, off ni mo wà, oòrùn sì yọ, mo ní kí n kàn lọ wo mọ́tò. Mo rí ọ̀kan tó jọ Ìyálóde, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọọrọ, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ìparí ìlà, mọ́tò rírẹlẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ mílíìkì. Ojú òsì rẹ̀ là, ojú ọ̀tún rẹ̀ dì pa.

Ìyá àgbà òyìnbó kan ló jókòó sídìí sitiárìn, ó ń mu tíì. Mo bi í ìdí tó fi jẹ́ ojú kan ló là. Ó ní ọkọ òun máa ń yí tòsì, òun a yí tọ̀tún, ṣùgbọ́n ọkọ ti kú, ìbàdí tó ń dun òun ò sì jẹ́ kí òun lè sún dé ọ̀hún. “Èèyàn méjì ló ń gbà, love.”

Dádì, mo sunkún láàárín pápá. Mo sọ ìtàn yín fún un látòkèdélẹ̀, ti ọ̀gá yín, ti lọ́rì, gbogbo ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó kàn fọwọ́ lu ìjókòó ọ̀tún, ó ní kí n wọlé. Ọwọ́ irin náà wà níbi tí ẹ ní ó wà gan-an, ó tutù, ó sì le díẹ̀. Mo yí i, mo yí i, títí àwọn tó dúró níwájú fi pàtẹ́wọ́.

Lánàá, mo gbé fótò rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dádì Akin ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó wo fótò náà pẹ́. “Mọ́tò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn, ṣé òótọ́ ló yí i?” Mo ní, “Dádì Akin, ta ni ì bá tún yí i?” Nígbà tí tíì dé, mo gbọ́ tó ń sọ ìtàn yín fún tábìlì rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Sister kan rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi ọ̀gá. Inú bí Dádì Akin! “Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Èèyàn méjì ló ń gbà!”

Inú mi dùn, Dádì, ó dùn gan-an. Àmọ́ lórí ìdájọ́ yín, mi ò gbà: èmi, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni n ó mú, kódà kí omi rẹ̀ hó délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò purọ́ fún mi rí. Ìbéèrè tí ẹ bi mí lọ́jọ́ ìkórè yẹn, mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ báyìí. Mo ti jẹun, Dádì. Mo yó.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó bá yín yí tọ̀tún.