Línọ́ọ̀sì Ti Kó Wọlé Wa

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ti jáwọ́ nínú kí wọ́n máa fi ìkòkò rẹ dáná láìfọ̀ ọ́? Ọlọ́run tó ń mú ọ gun àtẹ̀gùn ilé gogoro yẹn lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Àwa náà wà. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá rẹ sì ní kí n kí ọ, kí ọ, kí ọ. Ìgbà mẹ́ta ló wí i, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn rẹ̀ ṣì wà bí dókítà ṣe fi í sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun yẹn, wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń ṣòfófó, ṣùgbọ́n tó bá ń bá mi jà, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù kékeré tí o fi sílẹ̀ fún wa ló mú mi kọ̀wé. O mọ̀ pé àràárọ̀ ni ìyá rẹ ń tàn án, kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ àtijọ́ tí o gbà sínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, lọ́jọ́ tí kò mọ̀ pé ò ń gba ohùn òun, tó ń pè ọ́ wá jẹun. Ẹ̀rọ náà ti wá lọ́ra kọjá àfẹnusọ. Ìyá rẹ á tàn án, á gbálẹ̀ tán, á wẹ̀ tán, yóò ṣì máa yí òbìrí kékeré yẹn lójú kan. Ẹ̀rù wá ń bà á pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà yóò kú pẹ̀lú ohùn òun nínú.

Nígbà tí o wá sọ lórí fóònù pé o ti fi fláàṣì àti ìwé ìlànà rán dẹ́rẹ́bà sí wa, pé Línọ́ọ̀sì la máa fi síbẹ̀, mo rò pé mo gbọ́ ọ yé. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ọmọ rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ló kàn, kí ló tún kù tí mo fẹ́ bi ọ́? Mo gba ilé Màmá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì lọ, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní ọmọ mi ní iṣẹ́ yín dé. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di férémù ilẹ̀kùn mú, èmi ni mo sì kan férémù ọ̀hún. Wọ́n ní Línọ́ọ̀sì kì í ṣe nọ́ọ̀sì kankan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, tó ń jẹ́ kí èyí tó lọ́ra yára. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn lo kọ̀ǹpútà fún ọdún méje ní ọsibítù, àwọn á bá wa ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé rẹ wí ni pé ká pa gbogbo Wíńdò dé. Mo ti wíńdò pálọ̀ méjèèjì, mo lọ ti ti yàrá, mo ti ti ilé ìdáná mọ́ ìyá rẹ lórí níbi tó ti ń dáná. Ooru mú wa bí ẹni pé a wà nínú ìkòkò. Ìgbà yẹn ni Màmá Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé inú ẹ̀rọ ni Wíńdò tó ń wí wà, pé òun gan-an ni ayálégbé àtijọ́ inú rẹ̀.

A ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà sì bi wá ní ìbéèrè kan tí ara mi bù máṣọ. Ó ní ṣé kí Línọ́ọ̀sì pa gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́ ni, àbí kó máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wíńdò. Mo sọ fún un pé nínú ilé yìí, a kì í torí àlejò lé onílé. Màmá Nọ́ọ̀sì ní kò gbọ́, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. A tẹ ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ya yàrá gbọọrọ kan, ó ní ká sún ògiri àárín síbi tó bá wù wá. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti di tèmi. Mo gbé téèpù mi, mo wọn ojú rẹ̀, mo fún Wíńdò ní ínṣì mẹ́fà nítorí ẹrù rẹ̀ pọ̀, mo fún àlejò ní mẹ́rin. Ó tún ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá. Mo tẹ ọ̀kan, ó ní kò lágbára. Èmi tó ti ń fi èjìká ru pákó láti ogójì ọdún! Mo fi nọ́ńbà kún un títí ó fi gbà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí àṣírí náà má bàa sọnù.

Nígbà tó parí, ó kú, ó jí, kí n tó wúkọ́ ó ti tàn yanran. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ ní tó bá jí, yóò bi wá pé ọ̀dọ̀ ta la fẹ́ lọ nínú àwọn méjèèjì. Kò bi wá. Ọ̀dọ̀ Línọ́ọ̀sì ló gbé wa lọ tààrà, a wá Wíńdò tì. Ìyá rẹ jókòó sórí àpótí, ó ní ohùn òun dà.

Ọmọ mi, mo ti gé pákó kúrú rí, ẹni tó gé pákó kúrú á tún lẹ òmíràn mọ́ ọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń lẹ ohùn. A pè ọ́, fóònù rẹ kò lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìyá rẹ kò bá mi jà, ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Á gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ wẹ́rẹ́, á sì yí padà.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Màmá Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, gèlè lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ti rò ó, pé bí ẹnìkan kò bá fi ilẹ̀kùn yàrá hàn ọ́, kò ní kí yàrá máà sí. Wọ́n ṣí àpò kan tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ ojú Línọ́ọ̀sì, ó béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí, mo sáré lọ kà á lára ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹrù Wíńdò ló wà níbẹ̀, fọ́tò tí o yà ní ilé ìwé, gbogbo rẹ̀. Wọ́n tẹ ohùn náà.

Ilé mì. Ohùn ńlá yẹn ní ṣé o máa wá jẹun ni àbí kí òun dà á fún ajá. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá rẹ ti ń fọṣọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó dúró, ó sì fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ dáhùn pé òun ń bọ̀, kí ajá ṣì dúró ná. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dún, èjìká rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Màmá Nọ́ọ̀sì kọjú sógiri, èmi náà ń wò bóyá ẹsẹ̀ tábìlì dúró dáadáa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni o pè, tí o ní kí n kọ ìlà kan sójú dúdú kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ sì ń sáré lọ sókè bí ìjàlọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ń bi wá lójoojúmọ́ pé ọ̀dọ̀ ta la ń lọ. Mo máa ń kí àwọn méjèèjì kí n tó mú ọ̀kan, kí ẹ̀kejì má bàa bínú. Ìyá rẹ ti ń bá ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ láràárọ̀ báyìí, bí dókítà ṣe ní kó máa dánra wò, bó bá wí, òun náà á wí. Lánàá ewúrẹ́ gun orí aṣọ tó sá, ó kígbe mọ́ ọn, ewúrẹ́ náà sì gbọ́! Èmi tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́.

Ọ̀dọ̀ Línọ́ọ̀sì ni mo ti ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà yìí. Ẹ̀rọ ní òun ti tọ́jú rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n Màmá Nọ́ọ̀sì ní àwọn á bá mi rí i fi ránṣẹ́.

Ó ku owó. Jọ̀ọ́ wá nǹkan fún wa, kí n ra páànù méjì sórí ṣọ́ọ̀bù kí òjò tó dé. Màmá Nọ́ọ̀sì tún ní ìrántí ẹ̀rọ náà kéré, pé wọ́n ń tà á níbi tí o wà. Mi ò mọ̀ pé ayé ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta ìrántí lọ́jà. Ra ti ẹ̀rọ, kí o sì bá mi béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó bá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin mu, nítorí lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù wá pẹ́ńsù mi, etí mi ló wà.

Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú ni wàá máa lọ. Ibi tí o bá wọ̀, wọn ò ní ní àyè ti kún. Àgbà wa á jẹun ọmọ lọ́dọ̀ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.