Ẹlẹ́rìí Méjì fún Ìràwọ̀

Ìmọ̀dì, Ìjẹ̀bú,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Òkúdù, 2014.

Waheedah ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun bá ọ gbé ní Thamesmead nílùú òyìnbó, kí òtútù ibẹ̀ má ráyè dé inú egungun rẹ, kí àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ máa ṣàdúrà fún ọ bí ọmọ inú wọn. Ara wa le. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, òun náà ló sì jẹ fọ́ọ̀mù tí báńkì fún mi. Mo kó èyí tó kù lọ fún wọn, mo ní ewúrẹ́ náà wà nílé bí wọ́n bá fẹ́ bi í.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Lèmọ́mù. Nígbà tí mo dé ibi ẹgbẹ́ awòràwọ̀ tí o wọ̀ ní Shooters Hill, ó gbójú sókè, mo sì tètè ṣàlàyé pé ẹ kì í sọ ọjọ́ ọ̀la fún ẹnikẹ́ni, ojú ọ̀run lásán ni ẹ ń wò, ẹ sì ń mu tíì. Obìnrin ọ̀mọ̀wé tó bá yín sọ̀rọ̀ ní Woolwich ló dá wàhálà sílẹ̀. O ní ó sọ pé ìkùukùu gáàsì àti eruku ló máa ń fa ara rẹ̀ jọ, tí á máa gbóná títí tí á fi di ìràwọ̀, pé ó lè gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Lèmọ́mù bi mí pé àwọn ẹlẹ́rìí méjì wo ló jókòó tì í. Mo ní bóyá bàbá ló ń fi ìṣọ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ní kí o kọ orúkọ wọn ránṣẹ́, kí o sì sọ bóyá olóòótọ́ ni wọ́n ládùúgbò wọn.

Òṣùpá tí o yà nínú awò tí ẹ fi ń wo ọ̀run dé sórí fóònù Idiat, aládùúgbò wa. Ihò pọ̀ lára rẹ̀; tiwa níhìn-ín jọ̀lọ̀, n kò mọ ohun tó ṣe tiyín. Kí gbogbo èèyàn tó wò ó tán, iná tán lára fóònù, Hámzàt ọ̀rẹ́ mi sì ní kí a máa lọ sílé, òṣùpá ti wọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi nìyí. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, èmi àti Hámzàt ni ẹlẹ́rìí òṣùpá abúlé wa, ohun tí a bá ní a rí ni gbogbo ilé fi ń jí jẹ sààrì. Bẹ ẹgbẹ́ yín kí wọ́n yí awò náà sí ìhà Ìjẹ̀bú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ó wo òṣùpá, kí o sì pè mí kí Lèmọ́mù tó bi mí. Waheedah, n kò rí nǹkan kan lọ́dún tó kọjá. Hámzàt na ìka sókè, mo sì ní mo ti rí i, nítorí ojú ń tì mí láti sọ pé èéfín ni gbogbo ọ̀run lójú mi. Lánàá mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní àdán ni òun ń nàka sí, pé ìgbà tí mo ní mo rí òṣùpá ni òun náà bá mi rí i.

Dókítà ní awọ funfun ló bo ẹyinjú mi tí n kò fi rí ọ̀nà jíjìn mọ́, ó sì ṣeé ṣí. Jọ̀wọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti Hámzàt sí i, nítorí ẹlẹ́rìí kan kò tó. Bí kò bá bọ́ sí i kí ààwẹ̀ tó dé, n ó dìde láàárín jámáà, n ó sọ pé n kò rí i, kí wọ́n wá ojú mìíràn.

Ọlọ́hun yóò la ọ̀nà rẹ, kò sì ní jẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí wàá jẹ́rìí sí ohun tí o kò rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mìkáílù